Àwo Wo Ni Ẹgbẹ́ Yóò Fi Pa Ìwé Owó Mọ́, Bọ́nà Wo Ni A Ó Sì Rà?

Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tí a mú wá nínú ẹ̀kọ́ yìí, ọrùn yín ni ó kọ́kọ́ wà kí ó tó kan ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan gbé àwo mẹ́fà wá bá wa nínú ọ̀rá. Orí àwọn àwo wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ owó àfipamọ́ àti owó ẹ̀yáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí, ọdún kan lórí àwo kan, láti 2006 títí dé 2011. Òjò ti wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí, ìwé ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ti rin gbingbin, ikán sì ti jẹ èyí tí ó kù. Ìyá àgbà kan tí ó ti ń dá owó láti ìgbà náà fẹ́ gba owó rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n iye tí ó wà lórí káàdì rẹ̀ kò bá iye tí akọ̀wé tuntun bá nílẹ̀ mu. A ki àwọn àwo náà bọ inú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta sọ̀rọ̀. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó dákẹ́. Méjì tí ó kù, ẹ̀rọ kò tilẹ̀ gbà pé ohun kan wà lórí wọn. Ọ̀kan nínú méjì yìí ni àwo 2008, ọdún náà gan-an tí ìyá yìí dá owó jù lọ.

Ẹgbẹ́ náà san iye tí ó wà lórí káàdì fún un, wọ́n sì ṣe ohun tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí káàdì ìyá yìí bá ti sọnù ńkọ́? Tàbí kí ó jẹ́ ẹlòmíràn ni ó mú káàdì wá, tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iye kún un?

A bi akọ̀wé náà pé báwo ni wọ́n ṣe yan àwo àti ẹ̀rọ tí wọ́n lò. Ó ní oníṣọ́ọ̀bù kan sọ fún ẹni tí ó ṣáájú òun pé DVD+R ni ó dára, pé DVD-R ti di ti àtijọ́. Oníṣọ́ọ̀bù kejì sì sọ òdì-kejì rẹ̀. Ìbéèrè kan náà yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń bi wá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú u wò, kí a lè ráyè dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Bọ́nà ni àwọn ènìyàn ń pe ẹ̀rọ tí ń kọ nǹkan sórí àwo, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ lésà ni ó fi ń jó ara àwo. Ẹ̀rọ tí ń ka àwo nìkan yàtọ̀ sí i: ìyẹn lè kà, kò lè kọ. Àwo CD-R, tí ènìyàn lè fúnra rẹ̀ kọ nǹkan sí, ti wà láti 1988, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Taiyo Yuden ti Japan gbé e jáde. Kò ju mẹ́gábáìtì 650 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di 700 lẹ́yìn náà. Nígbà tí DVD dé ọjà ní Japan ní ìparí 1996, ó ti hàn pé àwọn ènìyàn yóò fẹ́ kọ tiwọn náà. Pioneer gbé DVD-R jáde ní 1997, gígábáìtì 3.95 ni ó ń gbà kí ó tó di 4.7. Ní 1998 ni DVD-RAM jáde, èyí tí a lè pa rẹ́ kí a sì tún un kọ nígbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè kà. Ẹgbẹ́ kò nílò rẹ̀, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. DVD-RW tẹ̀lé e ní 1999.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí wà lábẹ́ àṣẹ ìgbìmọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní DVD Forum. Ṣùgbọ́n Philips ti Netherlands, Sony ti Japan, Hewlett-Packard ti Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn kò fara mọ́ ọ̀nà yìí, wọ́n kó ara wọn jọ ní 1997 láti ṣe tiwọn. Bọ́nà DVD+RW tiwọn dé ọjà ní 2001, DVD+R dé ní 2002. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé Sony wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ó ní ìpín ní apá ọ̀tún àti apá òsì kì í fìdí rẹmi níbi ìdìbò kankan.

Kí ni wọ́n ń jà sí? Owó ìyọ̀ǹda ni. Ẹni tí ó bá ni ọgbọ́n tí a fi ṣe àwo ń gba owó lórí àwo kọ̀ọ̀kan àti lórí bọ́nà kọ̀ọ̀kan tí ẹlòmíràn bá ṣe, nítorí náà ẹni tí irú tirẹ̀ bá gba ọjà ti di olówó. Ní ti àmì inú orúkọ wọn, àwọn tí ó ṣe DVD-R kò ní àyọkúrò lọ́kàn rárá. Àmì ìsopọ̀ lásán ni wọ́n fi sí àárín. Ìgbà tí àwọn kejì dé pẹ̀lú àmì àròpọ̀ ni aráyé bẹ̀rẹ̀ sí pe ti àkọ́kọ́ ní máínọ́ọ̀sì, bí ẹni pé nǹkan dín nínú rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ra ẹ̀rọ ni ó jìyà ìjà náà. Ẹni tí ó ra bọ́nà àyọkúrò kò lè kọ àwo àròpọ̀, ẹni tí ó ra ti àròpọ̀ kò lè kọ ti àyọkúrò. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ra bọ́nà DVD+RW àkọ́kọ́ ní 2001, tí wọ́n rò pé bí DVD+R bá jáde ẹ̀rọ àwọn yóò kọ ọ́. Nígbà tí ó jáde ní ọdún kejì, ẹ̀rọ wọn kò lè kọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ yín lórí ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe lọ́la.

Ní oṣù kẹwàá 2002 ni Sony gbé bọ́nà kan jáde, DRU-500A, tí ó ń kọ irú méjèèjì. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi ṣe bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀ ó sì ṣòro láti rí bọ́nà tí kò gba méjèèjì. Bọ́nà DVD tí ẹ bá rí lórí àtẹ lónìí, àròpọ̀ àti àyọkúrò ni yóò kọ. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, ẹ ó rí àmì méjèèjì tí wọ́n gùn lé ara wọn, tàbí ọ̀rọ̀ náà Super Multi. Oníṣọ́ọ̀bù tí ó bá ń bá yín jiyàn lórí rẹ̀, ogun tí ó ti parí láti nǹkan bí ogún ọdún ni ó ń jà.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an? Ẹ̀yin àgbẹ̀ inú wa ni yóò tètè yé. Ara àwo dà bí oko tí a kọ ebè sí. Poro kan ṣoṣo ni ó wà nínú oko náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń yí po títí ó fi dé etí. Bí a bá lè tọ́ poro inú DVD kan sílẹ̀, yóò gùn ju kìlómítà 11 lọ. Bọ́nà ní láti mọ ibi tí ó dé nínú poro yìí nígbà gbogbo tí ó bá ń kọ̀wé. Ní ti DVD-R, orí ebè tí ó wà láàárín poro ni wọ́n ṣe àmì kéékèèké sí, bí ẹni ri òkúta ààlà. Ní ti DVD+R, poro fúnra rẹ̀ ni ó ń rìn bí ìrìn ejò, inú ìrìn yẹn sì ni wọ́n fi àmì ibi tí a dé pamọ́ sí. Ìyẹn nìkan ni. Ohun tí a gbìn sínú oko méjèèjì kò yàtọ̀, ìkórè wọn kò sì yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ DVD àtijọ́ gan-an ka àwo ìpàdé ọdọọdún yín, DVD-R ni ó máa ń gbà jù. Fún ìwé owó, èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó dára bá ṣe ni kí ẹ rà, ì báà ní àmì àròpọ̀, ì báà ní àyọkúrò.

Ohun tí ó yẹ kí a máa bèèrè ni pé kí ni ó wà nínú àwo náà. Àwo fíìmù tí a rà lọ́jà, ilé-iṣẹ́ ni ó fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ihò wínníwínní tí a tẹ̀ mọ́ ike. Àwo tí àwa ń kọ kò rí bẹ́ẹ̀. Aró ni wọ́n fi kun inú rẹ̀. Lésà bọ́nà ń mú aró náà gbóná ní ojú kan, ojú ibẹ̀ á sì yí padà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kà á, ìmọ́lẹ̀ kì í padà láti ojú tí ó ti jó bí ó ti ń padà láti ojú tí kò jó. Ẹ̀yin ìyá aláró Abẹ́òkúta kò nílò kí a sọ ìyókù fún yín. Aró tí ó dára wà, aró jẹbẹtẹ wà, kò sì sí èyí tí oòrùn kì í bá jà. Àwo 2008 tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ojú fèrèsé ni ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ike tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Aró ti ṣá. Kò sí bọ́nà àròpọ̀ tàbí àyọkúrò tí ó lè gbà á sílẹ̀.

Orúkọ tí ó wà lójú páálí kì í sì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ṣe àwo. Ilé-iṣẹ́ kan lè ra àwo lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, kí ó lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Àmì ẹni tí ó ṣe é wà nínú àwo fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì lè fi hàn yín bí ẹ bá ní ètò tí ń kà á. Ọmọ yín tí ó mọ kọ̀ǹpútà lè wá irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́. Bí ẹ bá ra páálí kan tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ kọ àmì náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi páálí tuntun wé e kí ẹ tó gbára lé e.

A tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí R àti RW, nítorí pé níbí ni ìwà akọ̀wé àti owó ọmọ ẹgbẹ́ ti pàdé. R ni èyí tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. RW ni èyí tí a lè pa rẹ́ kí a tún un kọ, bí ẹgbẹ̀rún ìgbà. Kò ní aró, irin tí ń yí padà ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé fẹ́ràn RW nítorí pé ó ń dín ìnáwó kù. A kò bá wọn wí, ṣùgbọ́n fún ìwé owó ọdún tí olùyẹ̀wé-owó ti yẹ̀ wò, tí ìpàdé gbogbogbòò ti fọwọ́ sí, RW kò dára. Ohun tí a lè pa rẹ́ ni ẹni tí ó fẹ́ jalè lè pa rẹ́, ẹni tí kò fẹ́ jalè náà sì lè ṣèèṣì pa á rẹ́. Àwo R tí a ti pa dé kò gba àtúnkọ, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ń ba fáìlì jẹ́ kò sì lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Àǹfààní yìí ni fíláàṣì kò ní. Fíláàṣì dára láti gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Kì í ṣe àpótí ìṣúra.

Òótọ́ ni pé ọ̀dàlẹ̀ lè kọ àwo mìíràn kí ó fi rọ́pò. Ìdí nìyí tí a fi ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí alága, akápò àti olùyẹ̀wé-owó fi ọwọ́ síwèé sórí òrùka àárín àwo, ibi tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Kálàmù onírun rírọ̀ ni kí wọ́n lò, kì í ṣe báírò. Ẹnu báírò lè dá egbò sí àwo, pàápàá CD: ojú tí a ń kọ orúkọ sí gan-an ni ọ̀rọ̀ inú CD wà, ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó bò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́jú ìsàlẹ̀ tí ń dán, wọ́n sì ń fi orí nu ilẹ̀. Ti DVD sàn díẹ̀, àárín ike méjì tí a lẹ̀ pọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Ní ti títóbi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín ná owó tí kò yẹ. Bí ojú-ìwé kan tí a fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀ bá gba mẹ́gábáìtì kan, CD kan yóò gba 700, DVD kan yóò gba ojú-ìwé tí ó lé ní 4,000. Ẹgbẹ́ mélòó nínú wa ni ó ń kọ 4,000 ojú-ìwé lọ́dún? Àwọn kan ti wá fi ẹjọ́ sùn pé 4.7 ni wọ́n kọ sára àwo, kọ̀ǹpútà sì ń sọ 4.38. Kò sí ẹni tí ó yọ nínú òṣùwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ ń ka ẹgbẹ̀rún sí 1,000, kọ̀ǹpútà ń kà á sí 1,024.

Blu-ray, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gba ọjà ní 2006, ń gba gígábáìtì 25. Òun náà ti jà tirẹ̀ pẹ̀lú HD DVD, títí Toshiba fi gbé ọwọ́ sókè ní oṣù kejì 2008. Ohun tí a fẹ́ràn nínú BD-R kì í ṣe títóbi rẹ̀ bí kò ṣe pé èyí tí ó wọ́pọ̀ jù kò lo aró bí ti DVD. Ohun líle tí kì í ṣá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí a bá kọ LTH sí lára, nítorí ìyẹn ti padà sí aró. Bẹ́ẹ̀ náà ni M-DISC wà, tí a ṣe pẹ̀lú ohun tí ó dà bí òkúta. Àwọn tí ó ṣe é sọ pé yóò pẹ́ tó 1,000 ọdún. A ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ wa láti wádìí. Ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe é kò pé ọdún mẹ́wàá tí ó fi wọ gbèsè ní 2016. Bí ẹ bá fẹ́ DVD irú M-DISC, bọ́nà tí a kọ M-DISC sí lára nìkan ni ó lè kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ DVD yòókù lè kà á.

Ìmọ̀ràn tiwa nìyí: ẹgbẹ́ kékeré, kí ó ra bọ́nà DVD tí a ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ó ń kọ M-DISC. Àpapọ̀ ẹgbẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ńlá tí ó ní owó, kí ó ra bọ́nà Blu-ray. Ìyẹn náà yóò kọ DVD àti CD. Kí ẹ sì tètè rà á. Kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tuntun kì í sábà ní ihò àwo mọ́. Taiyo Yuden, tí a kọ́kọ́ dárúkọ lókè, pa iṣẹ́ àwo tì ní ìparí 2015. Sony dáwọ́ dúró lórí ṣíṣe àwo Blu-ray tí a ń kọ ní oṣù kejì 2025. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Àwo àti bọ́nà ṣì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n àwo tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò kà á, dígí ìwojú ni. Bí apá ẹgbẹ́ bá ká a, kí wọ́n ra bọ́nà méjì, kí wọ́n gbé èkejì sínú páálí rẹ̀ láìlò.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sórí àwo, iná ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́, àwo R yẹn ti lọ. Ẹ lo kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kún. Ẹ má dúró dé ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń kọ́ tí ó ń sín. Bí bọ́nà bá ń tan tí ó ń kú, ó lè jẹ́ pé iná tí ń gba ojú wáyà USB kò tó o, ẹ wá wáyà ẹlẹ́nu méjì fún un. Ẹ má yan eré tí ó yá jù lọ. Àwo tí a kọ 16x sí lára, 8x tó o. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni yóò gbà, alága kò ní tíì parí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, ohun tí ó ń pè ní verify, kí ẹ sì pa àwo náà dé, ohun tí ó ń pè ní finalize. Àwo kejì tí kò sọ̀rọ̀ nínú mẹ́fà yẹn, wọn kò pa á dé ni. Nígbà tí a wá bọ́nà àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ rí nínú àpótí akọ̀wé àtijọ́, tí a ki àwo náà bọ̀ ọ́, gbogbo 2010 jáde sí wa pátá.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe, kí wọ́n má sì sùn sínú ilé kan náà. Kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, kí èkejì wà ní ilé alága tàbí ní àpapọ̀ ẹgbẹ́, nínú àpótí tí ó ṣókùnkùn tí ó sì gbẹ, kí wọ́n dúró lóòró. Ní ọdọọdún tí olùyẹ̀wé-owó bá dé, ẹ gbé gbogbo àwo jáde níwájú rẹ̀, kí ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ti ń fà nílẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ náà ni kí ẹ dà á kọ sórí tuntun, kí ẹ má sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn. Ìwé ńlá tí a fi ọwọ́ kọ kò gbọ́dọ̀ dúró nítorí pé àwo dé.

Ẹgbẹ́ tí ó gbé àwo mẹ́fà wá ti da àwọn tí ó sọ̀rọ̀ kọ sórí àwo tuntun, ẹ̀dà méjì-méjì. Ìdajì tí ó kù nínú àwo kẹrin kò tíì yọjú. Ní ti 2008, káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń da iye inú rẹ̀ kọ sínú ìwé tuntun, ìyá àgbà yẹn ni ó sì kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá.